Abdullahi Dan Fodio: Àbúrò Tí Ó Mọ Oore Ẹ̀gbọ́n

  

 

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí etí wa. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé òkè Ọya pẹ́ ti gbọ́ orúkọ Abdullahi Dan Fodio. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè ẹni tí ó jẹ́, ohun tí a ó sọ kò ju pé àbúrò Shehu Usmanu ni. Nítorí ọ̀rọ̀ àbúrò yẹn gan-an ni mo ṣe mú un. Ọkùnrin náà jẹ́ ààfáà ńlá, ó jẹ́ balógun, ó jẹ́ wàsírì, ó sì di olórí ìlú Gwandu, ṣùgbọ́n kò fi ìgbà kan gbàgbé pé àbúrò ni òun, kò sì gbàgbé ẹni tí ó kọ́ òun ní ohun tí òun mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá púpọ̀. Ta ni nínú wa tí ó dá wá sí ìlú yìí? Ọ̀pọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ni ó mú wa wá. Ẹ̀gbọ́n ni ó kọ́kọ́ dé, tí ó háyà yàrá kan, tí ó ń sùn lórí ẹní, tí ó ta ọjà títí ó fi ní ìsọ̀. Nígbà tí ó rí díẹ̀, ó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi àbúrò òun ránṣẹ́. Òun ni ó bọ́ wa, òun ni ó fi wá sí ilé-kéú, òun ni ó kọ́ wa ní owó ṣíṣe, òun náà ni ó dìde nígbà tí a fẹ́ gbé ìyàwó. Ní ilé mìíràn, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni ó ṣe gbogbo èyí, nínú owó oúnjẹ tí ó ń tà. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹni iwájú ṣe dúpẹ́ oore ẹ̀gbọ́n.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, n ó máa pe ẹ̀gbọ́n ní wọ́n, n ó sì máa pe àbúrò ní ó. Kì í ṣe àrífín sí àbúrò rárá. Mo gbà pé bí òun fúnra rẹ̀ ìbá ti fẹ́ kí a ṣe é nìyẹn.

ÌDÍLÉ WỌN

Ìdílé Fúlàní onímọ̀ ni a ti bí àwọn méjèèjì. Àwọn baba ńlá wọn ṣí wá láti ìhà Futa Toro, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Senegal lónìí, wọ́n sì wọ ilẹ̀ Hausa láti ọjọ́ pípẹ́. Iṣẹ́ ìdílé náà ni kéú. Muhammad ni orúkọ bàbá wọn, ṣùgbọ́n Fodiye ni àwọn ènìyàn ń pè é, èyí tí í ṣe onímọ̀ ní èdè Fúlàní. Dan ní èdè Hausa, ọmọ ni. Nítorí náà, bí a bá pe Dan Fodio, ọmọ ààfáà ni a pè.

Ọdún 1754 ni a bí Shehu Usmanu ní Maratta, ní ilẹ̀ Gobir. Lẹ́yìn náà ni ìdílé wọn lọ tẹ̀dó sí Degel. Degel yìí ni a ti bí Abdullahi ní nǹkan bí ọdún 1766. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n fi nǹkan bí ọdún méjìlá ju àbúrò lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n tí ó bá fi ọdún méjìlá juni lọ, bàbá kékeré ni.

Ẹ̀GBỌ́N DI OLÙKỌ́

Ọwọ́ bàbá wọn ni Abdullahi ti kọ́kọ́ ka Àlùkùránì. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bàbá fi í lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Shehu nígbà náà kò tíì ju ẹni nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Ẹ rò ó wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí òun náà ṣì ń wá ìmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ààfáà káàkiri, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ wààsí láti nǹkan bí ọdún 1774, ni a tún gbé ọmọ lé lórí. Wọn kò ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Wọ́n gbà á, wọ́n sì jókòó tì í.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ kì í ṣe kékeré. Wọ́n fi Ishiriniya àti Witriya bẹ̀rẹ̀, àwọn ìwé ìyìn Ànábì tí àwa ọmọ kéú mọ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní táwúhídì láti inú àwọn ìwé Sanusi. Wọ́n kọ́ ọ ní náháwù láti inú Ajurumiya, Mulha àti Katr. Wọ́n kọ́ ọ ní fíkíhù, wọ́n kọ́ ọ ní hádíìsì, wọ́n kọ́ ọ ní tàsáwúfù. Ní ti tàfúsírì, wọ́n ka Àlùkùránì pẹ̀lú rẹ̀ láti Fátíhà dé ìparí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ ní kéú rí yóò mọ iye òru àti iye sùúrù tí ó wà nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Kò sí iná mànàmáná, iná igi ni wọ́n fi ń ka wàláà. Kò sí ìwé títẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ. Abdullahi jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀ nínú ìwé dídàkọ, ìwé kì í pẹ́ wọ ìlú wọn kí ó tó di pé ó ti da tirẹ̀ kọ.

Báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí? Abdullahi ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1812, ó kọ ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Idaa an-Nusukh. Nínú ìwé náà, ó ka orúkọ àwọn tí ó kọ́ ọ ní ìmọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé tí ó kà lọ́dọ̀ wọn. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn bàbá ni ẹ̀gbọ́n. Ó to àwọn ìwé tí ẹ̀gbọ́n fi kọ́ ọ tẹ̀léra, àtèyí ńlá àtèyí kékeré.

Ibí yìí ni kí a ti dúró díẹ̀. Ní ọdún 1812 yìí, Abdullahi kì í ṣe ọmọ kékeré mọ́. Ó ti tó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó ti ṣẹ́gun nínú ogun, ó ti di wàsírì, ìmọ̀ rẹ̀ nínú èdè Lárúbáwá sì ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè bi í léèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá dé ipò bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí ayé mọ̀ pé Ajurumiya ni ẹnì kan ti fi bẹ̀rẹ̀ fún òun. Wọn a sọ pé ọpọlọ àwọn ni ó gbé àwọn dé ibẹ̀. Abdullahi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ìwé sọ fún ayé pé ẹnì kan ni ó di òun lọ́wọ́ mú láti orí ìwé kékeré.

WỌ́N JỌ RÌN

Nígbà tí Shehu ń lọ káàkiri ṣe wààsí, Abdullahi ń bá wọn lọ. Wọ́n jọ lọ sí Kebbi. Wọ́n jọ lọ sí Zamfara, wọ́n sì lo nǹkan bí ọdún márùn-ún níbẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ará oko ní ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn, bí a ti ń ṣe àlùwàlá àti bí a ti ń kírun.

Ibi wààsí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ti ṣẹlẹ̀ tí ó fi hàn bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń gbé àbúrò sókè. Àwọn obìnrin máa ń wá gbọ́ wààsí Shehu. Ààfáà kan láti ilẹ̀ Borno kọ ewì Lárúbáwá ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n dá àwọn obìnrin dúró. Shehu lè fèsì fúnra wọn, ọ̀rọ̀ kò wọ́n wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n pe Abdullahi, wọ́n ní kí ó dá a lóhùn. Abdullahi fi ewì dá ewì lóhùn. Kókó ohun tí ó sọ ni pé aburú tí ó wà nínú kí a fi obìnrin sílẹ̀ sínú àìmọ̀ ẹ̀sìn pọ̀ ju aburú tí ẹni náà ń bẹ̀rù lọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé ọmọ tí Shehu kọ́ ti mọ̀wé tó láti gbẹnu sọ fún Shehu. Ẹ̀gbọ́n mìíràn kì í fẹ́ kí àbúrò sọ̀rọ̀ níbi tí òun bá wà. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó tún wà níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1788, nígbà tí Bawa ọba Gobir pe àwọn ààfáà jọ ní ọjọ́ Iléyá ní Magami, tí ó sì pín owó fún wọn. Wọ́n gbé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítíkálì wúrà síwájú Shehu. Shehu kò gbà á. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n bèèrè: kí ọba jẹ́ kí àwọn máa pe ènìyàn sí ọ̀nà Ọlọ́hun nílùú rẹ̀, kí ó má dí ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó bá wé láwàní, kí ó tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, kí ó má sì fi owó-orí ni àwọn mẹ̀kúnnù lára. Abdullahi ni ó kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀ fún wa. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bá ṣe lójú àbúrò kì í parẹ́, ẹ̀kọ́ ni, bí kò tilẹ̀ sí wàláà lọ́wọ́.

HÍJÍRÀ ÀTI OGUN

Lẹ́yìn Bawa, àwọn ọba tí ó jẹ ní Gobir kò fi Shehu lọ́kàn balẹ̀ mọ́. Nafata ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe Mùsùlùmí àfi ẹni tí ó bá bá a lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ní kí ọkùnrin má wé láwàní mọ́, kí obìnrin má sì borí. Nígbà tí Yunfa gorí oyè, ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ní oṣù kejì ọdún 1804, Shehu àti àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Degel, wọ́n ṣe híjírà lọ sí Gudu.

Gudu ni wọ́n ti fi Shehu ṣe olórí àwọn onígbàgbọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ na ọwọ́ tí ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún wọn ni Abdullahi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Muhammad Bello, ọmọ Shehu, kí àwọn tó kù tó tẹ̀lé e. Shehu fi Abdullahi ṣe wàsírì. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, òun ni ó kó ogun jáde pàdé Yunfa ní Tabkin Kwatto. Àwọn ará Gobir ní ẹṣin, wọ́n ní ẹ̀wù irin, wọ́n sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Síbẹ̀ Ọlọ́hun fún Abdullahi ní ìṣẹ́gun. Ní ọdún 1805, ó gba Birnin Kebbi.

Ṣùgbọ́n ogun kì í ṣe ohun tí a ń fi yangàn. Ní Tsuntsua, ní òpin ọdún 1804, ó tó ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn tí ó ṣòfò lọ́dọ̀ wọn, igba nínú wọn jẹ́ àwọn tí ó há Àlùkùránì sórí. Ẹni tí ó bá mọ iye ọdún tí a fi ń kọ́ háfíísì kan yóò mọ irú òfò tí èyí jẹ́. Oṣù kẹwàá ọdún 1808 ni wọ́n tó gba Alkalawa, olú ìlú Gobir, tí Yunfa sì kú níbẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ỌKÀN RẸ̀ BÀJẸ́

Kí a má ṣe rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 1807, kí ogun tó parí, ọkàn Abdullahi bàjẹ́ gidigidi. Ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń tẹ̀lé wọn kì í ṣe nítorí Ọlọ́hun mọ́. Wọ́n ń wá oyè, wọ́n ń wá ọrọ̀, wọ́n ń wá obìnrin. Àwọn ènìyàn rere tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti kú lójú ogun. Abdullahi dìde, òun àti ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà ni òun ń lọ.

Nígbà tí ó dé Kano, àwọn ará ìlú náà kò jẹ́ kí ó kọjá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró kọ́ wọn bí a ti ń fi òfin Ọlọ́hun ṣe ìlú. Ó dúró, ó kọ́ wọn, ó sì kọ ìwé kan fún wọn tí ó ń jẹ́ Diya al-Hukkam. Lẹ́yìn náà, kò bá ọ̀nà Mẹ́kà lọ mọ́. Ó padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun tí ó wú mi lórí níbí yìí ni pé àwọn ènìyàn tí ó bà á lọ́kàn jẹ́ kò sọ ọ́ di ọ̀tá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú ìrìn àjò wa níhìn-ín, a ti rí àbúrò tí ó bínú sí àwọn ọmọọṣẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tí ó wá tìtorí rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n láìwẹ̀yìn mọ́. Abdullahi kúrò, ṣùgbọ́n ó padà. Ẹ̀gbọ́n sì gbà á. Kò pẹ́ púpọ̀, ní ọdún 1812, Shehu pín ilẹ̀ náà sí méjì. Wọ́n fi ìhà ìlà-oòrùn sí abẹ́ àkóso Bello ọmọ wọn, wọ́n fi ìhà ìwọ̀-oòrùn sí abẹ́ àkóso Abdullahi.

WỌ́N JIYÀN, WỌN KÒ JÀ

Èyí tí ó ṣòro jù fún àbúrò ni ọjọ́ tí ohun tí ó rí nínú ìwé bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ. Ọjọ́ náà dé fún Abdullahi. Ènìyàn tí ó le lórí òfin ni. Kò fẹ́ kí àwọn aláṣẹ máa lo orúkọ oyè tí àwọn ọba àtijọ́ ń lò, kò fẹ́ kí wọ́n máa wọ aṣọ olówó iyebíye, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa lu ìlù fún àríyá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Shehu ní tiwọn rí i pé àwọn ààfáà ti sọ̀rọ̀ ju ẹyọ kan lọ lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí, àti pé kí a má ṣe sọ ẹ̀sìn di ìnira fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ní nǹkan bí ọdún 1812, Shehu kọ ìwé Najm al-Ikhwan láti ṣàlàyé tiwọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn kò bú àbúrò, wọn kò sọ pé òun ni ó kọ́ ọ ní álífù báà. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n gba àwọn ènìyàn níyànjú láti máa ka ìwé Abdullahi nítorí pé ó dúró lórí ohun tí òfin sọ ní gbangba, kí wọ́n máa ka ìwé Bello nítorí pé ó mọ ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ìlú, kí wọ́n sì máa ka ìwé tiwọn pẹ̀lú. Àbúrò pẹ̀lú kò torí ìyàtọ̀ yìí yọwọ́ kúrò nínú ìjẹ́jẹ̀ẹ́ tí ó ṣe ní Gudu. Ọdún 1812 tí àríyànjiyàn yìí ń lọ lọ́wọ́ náà ni ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n sí ipò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nínú ìwé àwọn olùkọ́ rẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí n gbà pé ọpẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ọpẹ́ tí ènìyàn ń dú nígbà tí inú rẹ̀ dùn rọrùn. Èyí tí a dú nígbà tí a kò fohùn ṣọ̀kan ni ó ṣòro.

LẸ́YÌN ẸKÚN ẸGBỌ́N

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 1817, Shehu Usmanu jáde láyé ní Sokoto. Abdullahi wà ní ìhà tirẹ̀. Nígbà tí ó fi dé Sokoto, àwọn ènìyàn ti fi Muhammad Bello ṣe olórí. Ìtàn sọ pé ó bá ẹnubodè ìlú ní títì, kò sì rí ààyè wọlé.

Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá kú. Òun ni ó kọ́kọ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún wọn, òun ni wàsírì, òun ni ó kó ogun àkọ́kọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n, tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ, ni wọ́n mú. Ó dun Abdullahi, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kò yẹ kí ó dùn ún. Ó yí ẹṣin padà, ó lọ sí Gwandu. Ṣùgbọ́n kò kó ogun ja ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ogun wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá sì pe ènìyàn, wọn ì bá dáhùn.

Ọdún bíi mẹ́ta kọjá. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Kalambaina, ìlú kan tí kò jìnnà sí Gwandu, apá Abdullahi kò sì ká wọn mọ́. Bello gbọ́, ó kó ọmọ ogun rẹ̀ wá, àwọn méjèèjì sì jọ gba ìlú náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun ni wọ́n pàdé lórí ẹṣin. Àwọn tí ó ń pa ìtàn náà sọ pé Bello fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti kí arákùnrin bàbá rẹ̀ bí ọmọ ti ń kí bàbá, ṣùgbọ́n Abdullahi ṣẹ́wọ́ sí i pé kí ó má sọ̀kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó tẹrí ba lórí ẹṣin tí ó sì kí Bello ní olórí àwọn onígbàgbọ́. Lójú gbogbo ọmọ ogun ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ náà ni ìjà parí.

Mo ti ka ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kéú mi ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Lójú tèmi, ní Kalambaina ni Abdullahi ti san gbèsè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tí ó tọ́ni ti kú, a kò lè fún un ní nǹkan mọ́. Ọmọ rẹ̀ ni ó kù tí a lè ṣe é fún. Ilé mélòó ni ó ti tú nítorí pé àbúrò àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ń jà sí ìsọ̀ kan tàbí sí ilẹ̀ kan nílé? Ìlú tí ó fẹ̀ láti Kebbi dé Nupe ni tiwọn, wọ́n sì parí rẹ̀.

ÌWÉ RẸ̀ ÀTI IKÚ RẸ̀

Lẹ́yìn èyí, Abdullahi gbájú mọ́ ìmọ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìlú lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, òun jókòó ti ìwé ní Gwandu. Nínú àwọn ìwé tí ó kọ ní ayé rẹ̀, tàfúsírì Àlùkùránì rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Diya at-Tawil ni ó gbajúmọ̀ jù. Ó kọ ti fíkíhù, ó kọ ti náháwù àti sárífù, ó kọ ti ìṣàkóso ìlú. Ìwé ewì àti ìtàn rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Tazyin al-Waraqat ni ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ìgbà náà ti wá. Yunifásítì Ìbàdàn ni ó tẹ ìwé yìí jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ ní ọdún 1963. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ilé-ìwé gíga, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá a.

Ẹ tún rántí pé tàfúsírì rẹ̀ yìí, láti ọwọ́ ẹni tí ẹ̀gbọ́n bá ka Àlùkùránì láti Fátíhà dé ìparí ni ó ti wá. Gbogbo ẹni tí ó bá fi ìwé náà kọ́ ẹ̀kọ́, Shehu ní láádá níbẹ̀.

Abdullahi kú ní Gwandu ní nǹkan bí ọdún 1828, ibẹ̀ náà sì ni sàréè rẹ̀ wà. Muhammad ọmọ rẹ̀ ni ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa ọmọ Yorùbá pẹ̀lú kò jìnnà sí ìtàn yìí. Nígbà tí Abdulsalami ọmọ Alimi di ẹ́míà Ìlọrin, abẹ́ Gwandu ni Ìlọrin wà, gẹ́gẹ́ bí Nupe. Nítorí náà, ilé tí Abdullahi fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni àwọn ará Ìlọrin ń wò gẹ́gẹ́ bí olórí wọn. Ẹni tí ó bá rò pé ìtàn àwọn ará òkè Ọya nìkan ni èyí, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ààfáà Ìlọrin.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tiyín. Shehu kò fi Abdullahi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n mú un rìn, wọ́n gbé e síwájú, nígbà tí ó sì ní èrò tirẹ̀, wọ́n bọ̀wọ̀ fún èrò náà. Àbúrò tí ó ń ta ọjà fún yín láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ẹ kò jẹ́ kí ó lọ sí ilé-kéú tàbí ilé-ìwé, ẹ kò tíì ṣe ẹ̀gbọ́n fún un.

Ẹ̀yin àbúrò, ẹ dárúkọ ẹni tí ó ṣe yín lóore. Ẹ dárúkọ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ yín, kí wọ́n mọ ẹsẹ̀ tí ilé yín gbà dúró. Bí ẹ bá rí ohun tí kò tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ má sì torí rẹ̀ pa oore rẹ́. Bí ó bá ti kú, ẹ wo àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n obìnrin, ọ̀rọ̀ yìí kò yọ yín sílẹ̀. Nínú ìdílé Shehu kan náà ni Nana Asmau wà, ọmọ Shehu tí ó gbé ayé láti 1793 dé 1864, tí ó kọ́ àwọn obìnrin ìlú náà ní ẹ̀sìn. Nígbà tí Bello ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní ọdún 1837, ó kọ ewì nípa ìwà rere rẹ̀. Ìdílé tí ó mọ oore ni.

Kí Ọlọ́hun bá wa kẹ́ Shehu Usmanu àti Abdullahi. Kí Ó san oore fún gbogbo ẹ̀gbọ́n tí ó mú wa wá sí ìdálẹ̀, èyí tí ó wà láàyè kí Ó fún un ní àlàáfíà àti ẹ̀mí gígùn, èyí tí ó ti lọ kí Ó tẹ́ sàréè rẹ̀ sí àlùjánnà. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí àwa àti àwọn ọmọ wọn di ọ̀tá. Àmín.